Áírìṣì tí èmi mọ̀, pòtétò ni

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Títí di nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá dárúkọ Áírìṣì létí mi, pòtétò ló máa wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe ìlú, kì í ṣe èèyàn, pòtétò. Bá a ṣe ń pè é nìyẹn ní Bódìjà níbí, "Màmá, èló lẹ̀ ń ta Áírìṣì yín?", wọ́n á ní rọ́bà kékeré iye báyìí, ńlá iye báyìí, wàá ná an títí ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, wọ́n á wá sọ fún ẹ pé láti Jos ni wọ́n ti ń kó o bọ̀, pé ọ̀nà ò dáa, pé epo ọkọ̀ ti wọ́n. Kí ló wá kan Áyálándì nínú ẹ̀? Mi ò bi ara mi rí.

Ọmọ àbúrò mi ló là mí lójú. Ìlú Cork ni wọ́n ń gbé, ní gúúsù Áyálándì lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì ni ìyá ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ó ti di ọmọ ọdún 9. Lọ́jọ́ kan tá a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, mò ń bẹ pòtétò lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ sè, mo ní Áírìṣì ni mo fẹ́ dín. Ó ní kí ló ń jẹ́ Áírìṣì. Mo gbé ọ̀kan sókè síwájú fóònù. Haa! Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ́ bọ́ lórí àga, ìyá ẹ̀ sáré wọlé pé kí ló dé. "Bíg Mọ́mì, èmi ni Áírìṣì! Ìyẹn, pòtétò ni!"

Òyìnbó ló fi sọ ọ́ o, mo kàn ń túmọ̀ ẹ̀ fún yín ni. Kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀". A máa débẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ lọ wò wọ́n, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pe tíkẹ́ẹ̀tì lásìkò yìí, tí mo bá lọ san án, ilé tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ ní Mọ́níyà máa dúró sí ojú fèrèsé títí láé. Ọmọ náà ló wá ní kí n má ṣèyọnu, òun máa mú mi rìn ká ìlú òun lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní kíláàsì wọn. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ti ya inú ilé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí ìyẹn ò bá sí, àwòrán ojú títì tí Google yà wà níbẹ̀, o kàn máa tẹ ọfà, wàá máa sún síwájú bí ẹni ń rìn. Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é. Òun ni gáìdì, ó tiẹ̀ fi páálí ṣe káàdì kan kọ́ ọrùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé ìnfátà ò kú, kí dátà sì wà.

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi lọ ni Newgrange, ibojì ayé àtijọ́ kan lẹ́bàá odò Boyne ní agbègbè Meath. Kí n má purọ́, nígbà tí mo rí i láti ìta, mo ní ṣé torí òkìtì koríko yìí ni mo ṣe tan ìnfátà. Àfi ìgbà tá a wọnú ẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ni, òkúta ńláńlá lọ́tùn-ún lósì, ó jìn tó mítà 19, á wá gbé ẹ dé yàrá kan láàárín gbùngbùn tí wọ́n to òkúta léra wọn ṣe òrùlé ẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí nǹkan kan, ibẹ̀ ò sì jò. Nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn pírámìdì Íjíbítì tá à ń gbọ́ òkìkí wọn yẹn, ẹ̀gbọ́n ni Newgrange jẹ́ sí wọn.

Ohun tó wá mú orí mi wú ni pé lókè ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n dá ihò kan sí bíi fèrèsé kékeré. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, nígbà tí ojúmọmọ kúrú jù lọ́dọ̀ wọn, tí oòrùn bá ti yọ láàárọ̀, ìtànṣán ẹ̀ á gba ihò yẹn wọlé, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títí á fi dé yàrá inú lọ́hùn-ún, bí ìṣẹ́jú 17, ó tán. Òkùnkùn tún di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael O'Kelly ló ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti 1962, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò pé oòrùn kan máa ń wọnú ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1967 ó jí lọ jókòó sínú òkùnkùn yẹn láàárọ̀ kùtù, oòrùn dé, ó rí i. Báyìí orúkọ tiẹ̀ ló wà nínú ìwé. Mi ò bá a jà, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, àwọn àgbà àdúgbò ti ń wí i kí ìwé tó wí i.

Ọmọ náà ṣí fídíò oòrùn ọ̀hún fún mi. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn wúrà lórí ilẹ̀, ó ku díẹ̀ kó wọ yàrá, dátà mi dúró. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún tí oòrùn yìí ti ń débẹ̀, kò pẹ́ lẹ́yìn rí, MB ni ò jẹ́ kó dé Ìbàdàn.

Sátidé kejì, a lọ sí National Museum tó wà ní òpópónà Kildare ní Dublin. Góòlù pọ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi, mo fojú fò ó. Ohun tí gáìdì mi fẹ́ fi hàn mí ni àwọn òkú inú irà. Irà pọ̀ ní Áyálándì, ilẹ̀ dúdú kan báyìí tí wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n á sá gbẹ, tí wọ́n á fi dáná. Ilẹ̀ ọ̀hún kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà. Ní 2003 wọ́n rí òkú ọkùnrin méjì nínú ẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan síra wọn, awọ ara, irun, èékánná, gbogbo ẹ̀ ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ó ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ tí wọ́n ti kú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Clonycavan Man, pómáàdì ló fi gbé irun sókè! Òróró tí wọ́n po mọ́ oje igi páìnì, wọ́n sì ní láti ilẹ̀ Faransé tàbí Sípéènì ni oje yẹn ti máa wá. Ọmọ náà ní gẹ́lì ni, pé dádì òun náà ń lò ó. Onímọ̀ kan níbẹ̀, Eamonn Kelly, gbà pé ọba ni àwọn ọkùnrin yìí tàbí ẹni tó fẹ́ jọba, pé nígbà tí nǹkan ò gún mọ́ ni wọ́n pa wọ́n, tí wọ́n sin wọ́n sí ààlà ilẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ láti kékeré, tí mo mọ ohun tí Baṣọ̀run máa ń gbé fún Aláàfin tí ìlú bá kọ̀ ọ́, kò yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè máa sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún 9.

Bàbá ọmọ náà yọjú lọ́jọ́ yẹn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jẹ́ kó mú yín dé ilé òdékú kẹ́ ẹ tó lọ." Lóòótọ́ o, Dublin náà ni Guinness ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1759 ni Arthur Guinness tọwọ́ bọ̀wé láti gba ilẹ̀ ibẹ̀ fún 9,000 ọdún, £45 lọ́dún. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn yẹn sínú gíláàsì ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí èèyàn lè wò. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù Ìbàdàn tẹ́ ẹ̀ ń fi owó kún owó ilé lọ́dọọdún, mo kí yín o.

Mo rò pé ó parí fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Àmọ́ ní Wẹ́sídeè tí àbúrò mi ò lọ síṣẹ́ ó pè mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa fóònù yín o, ọmọ yín ní dandan ni kẹ́ ẹ rí nǹkan kan." Inú yunifásítì tó wà ní Cork ni wọ́n wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n to òkúta gíga-gíga sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ju 20 lọ. Mi ò rí àwòrán kankan lára wọn, mo ní kí wá ni mò ń wò? Ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ etí òkúta kan, ibi tí ojú ẹ̀ méjì ti pàdé, mo wá rí i. Gígé ni, kékeré kékeré, bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gé ara igi, ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, ó lè tó márùn-ún, òmíràn yà sí ọ̀tún, òmíràn sí òsì, òmíràn dábùú etí òkúta kọjá. Ìwé ni o! Ogham ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ sókè, bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Láàárín sẹ́ńtúrì kẹrin sí ìkeje ni wọ́n gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn, orúkọ èèyàn ló sì wà lára wọn, kì í ṣe orúkọ lásán náà: ti lágbájá, ọmọ lámọ̀rín, ìran báyìí. "Maqi" ni wọ́n ń kọ fún "ọmọ" nígbà yẹn, òun ló di "Mac" tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú orúkọ wọn títí dòní.

Mo wo òkúta yẹn títí àbúrò mi fi ní ọwọ́ ń ro òun. Ẹ wò ó, lédè tiwa, kọ là ń pè é kéèyàn fi bírò sórí ìwé, kọ náà là ń pè é kí olóòlà fi abẹ sí ọmọ lójú. Bàbá mi kọlà, èmi ò kọ ọ́. Níbikíbi tí wọ́n bá ti rí bàbá mi, wọ́n ti mọ ilé tó ti wá kó tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí mo rò nìyẹn lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, pé òkúta wọ̀nyí náà, wọ́n kọ wọ́n nílà ni.

Sátidé kẹta ló wúwo.

Dublin la tún padà sí, etí odò Liffey, níbi tí wọ́n ń pè ní Custom House Quay, ojú títì Google la gbà débẹ̀. Ọmọ náà ń tẹ ọfà lọ, ọkọ̀, báńkì, àwọn ilé onígíláàsì, àfi bí àwọn èèyàn kan ṣe yọ síwájú wa lórí òkúta tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ibẹ̀. Ère ni wọ́n. Bàbà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, Rowan Gillespie ló ṣe wọ́n, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1997. Wọ́n gbẹ hangogo, aṣọ wọn já wálẹ̀ bí akísà, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà bí ẹni ń lọ wọkọ̀. Ọkùnrin kan gbé ẹnì kan kọ́ ọrùn bí ìgbà téèyàn gbé àgùntàn. Ajá kan ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà. Àárín wọn gan-an ni ọkùnrin kan tó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù ń gbà kọjá, Google ti bo ojú ẹ̀.

Mo ní kó dúró níbẹ̀ ná.

Pòtétò la padà bá o. Ní ìgbà yẹn ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń ro ó, àwọn onílẹ̀ ńlá ló ni ín, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ gbé nítòsí, àgbẹ̀ á gbin ọkà, á sin ẹran, gbogbo ìyẹn á bá owó ilẹ̀ lọ, pòtétò tó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀fun òun àti àwọn ọmọ ẹ̀. Irú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbìn, Lumper lorúkọ ẹ̀. Ní 1845 àrùn kan dé. Ewé á dúdú, pòtétò inú ilẹ̀ á ti rà, á máa rùn. Ọdún kejì ó tún dé. Èyí tó burú jù, 1847, wọ́n ṣì ń pè é ní ọdún dúdú. Láàárín 1845 sí 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó sá kúrò nílùú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò yéé wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní èbúté wọn lọ sí Ìlú Ọba. Ní 1841 wọ́n lé ní mílíọ̀nù 8 ní erékùṣù yẹn, apá àríwá àti apá gúúsù pọ̀. Títí dòní, wọn ò tíì pé iye yẹn padà.

Ìyàn là ń pè é. Tó o bá ṣi ohùn gbé sórí ẹ̀ báyìí, iyán lo máa pè. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ sọ èdè wa lẹ́nu ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àti pé kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé, àrùn yẹn ò tíì kú. Ní 2014 ó kọ lu oko pòtétò ní Plateau, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ní Ẹbólà pòtétò. Ìgbà yẹn, èmi wà ní Bódìjà tí mò ń bá obìnrin olóbìnrin jà pé kí ló dé tí Áírìṣì wọ́n tó báyìí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn tó sá lọ dé, ọmọ náà sọ fún mi nípa nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní àìsùn Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ tí ọmọ bá máa wọkọ̀ ojú omi lọ lọ́jọ́ kejì, ará ilé, ará àdúgbò á kó jọ, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á jó, wọ́n á mu, àwọn ìyá á sunkún arò, títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú gẹ́lẹ́. Torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní fojú kan ọmọ náà mọ́. Ọmọ lọ, ó kú, ọ̀kan náà ni.

Mo wo àbúrò mi tó jókòó sẹ́yìn ọmọ ẹ̀ nínú fídíò, òun náà wò mí. Alẹ́ tí òun máa lọ, sẹ́ńdọ́ọ̀fù la pè é, a se jọ̀lọ́ọ̀fù, a ṣí orin. Ìyá wa ò jẹun. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹrù ẹ̀ ló jókòó tì, ó ń tú u, ó ń dì í, ó ní èlùbọ́ yẹn ò gbọdọ̀ tú sínú aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tú u lójú mi. Ọdún 2019 ni màmá kú, orí fóònù ni àbúrò mi ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé pósí wọnú ilẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù náà dání, wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn dáadáa, ojú ọ̀nà ń yọ̀, ẹrẹ̀ pọ̀. Ìrìn-àjò orí ẹ̀rọ, a ti ń ṣe é ká tó mọ orúkọ ẹ̀.

Ọmọ ò mọ ohun tó ń lọ. Ohùn ayọ̀ ló fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ igi. Ó ní tíṣà wọn ló sọ ọ́ fún wọn. Ní 1831 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Áyálándì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àìmọye ọmọ ló wà tó jẹ́ pé èdè wọn nìkan ló ń ti ilé bọ̀, Gaeilge. Wọ́n á wá so igi kékeré kan mọ́ ọmọ lọ́rùn. Bata scóir lorúkọ ẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ti fi èdè ilé sọ̀rọ̀, wọ́n á gé igi yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tíṣà á ka gígé yẹn, iye tó bá wà níbẹ̀ ni ẹgba.

"Bíg Mọ́mì? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, pákó ni tiwa, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n fi kíkún funfun kọ VERNACULAR sí i, wọ́n fi okùn sí i. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ló máa gbé e kọ́, á wá máa ṣọ́ ẹlòmíì tó máa ṣì í sọ kó lè gbé e fún un, ẹni tó bá wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lu agogo ìparí ló máa jẹ pàṣán. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí bẹ́ǹṣì ṣubú lé mi lẹ́sẹ̀, mo ní "Yéè!" Wọ́n gbé e kọ́ mi. Kí ni ǹ bá ti wí? Ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ké? Mo ṣì lè gbóòórùn kíkún yẹn tí mo bá dijú.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọmọ náà. Ìbéèrè tó bi mí ni pé ṣé àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún yín. Mo ní rárá o, a ti gbòmìnira tipẹ́. Tíṣà wa ni, ará Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń gbàdúrà, Yorùbá ló fi ń ná ata. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà kò sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí igi yẹn kì í dúró sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń bá ọmọ délé, àwọn òbí kan ló ń fọwọ́ ara wọn gé e kí tíṣà lè rí i. Orí wọn ò dàrú. Wọ́n ti rí ìyàn, wọ́n ti rí ọkọ̀ tó ń lọ Amẹ́ríkà, wọ́n mọ èdè tí wọ́n ń béèrè ní èbúté. Daniel O'Connell tó jà fún àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ títí wọ́n fi dépò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gaeilge ló gbọ́ láti kékeré, òun fúnra ẹ̀ sọ pé tí èdè náà bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò dun òun, pé Gẹ̀ẹ́sì ló wúlò. Òun tó jẹ́ akọni wọn o. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, pé mi ò rí ẹni burúkú kan pàtó tí mo lè dojú ìbínú kọ.

Wọ́n gbìyànjú láti gbà á padà ṣá. Ní 1893 Douglas Hyde àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Conradh na Gaeilge sílẹ̀ nítorí èdè, ọkùnrin yẹn kan náà ló di ààrẹ wọn àkọ́kọ́ ní 1938. Ìwé òfin 1937 wọn fi Gaeilge ṣe èdè ìjọba àkọ́kọ́. Tẹlifíṣọ̀n Gaeilge bẹ̀rẹ̀ ní 1996, Yúróòpù gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí èdè àjọ wọn ní 2007, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kàyàn ní 2022, àwọn tó ní àwọn lè sọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2, àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ níta kíláàsì, nǹkan bí 72,000. Nínú ìlú tó lé ní mílíọ̀nù 5! Ìjọba wọn, ilé ẹjọ́ wọn, owó wọn, gbogbo ẹ̀ ló dúró ti èdè yìí, tiwa ò ní ìdajì ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ẹ má wá sọ fún mi pé àwọn tó ń sọ Yorùbá pọ̀, kò lè kú. Kí ìyàn tó dé, ọ̀kẹ́ àìmọye ló ń sọ tiwọn náà.

Ohun kan tún ń jà lọ́kàn mi. Láti Áyálándì yìí náà ni ọ̀pọ̀ fáda tó wá sí ilẹ̀ wa ti wá, ìdí nìyẹn tí Patrick Mímọ́ wọn fi jẹ́ alábòójútó Nàìjíríà náà fún ìjọ Àgùdà láti 1961 (ẹrú ni wọ́n kó òun gan-an wá sí Áyálándì o, ọmọ ọdún 16, wọ́n ní kó máa da àgùntàn). Ní 1947, àwọn fáda SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà kan, ti ẹ̀ka Áyálándì dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fáda Kevin Carroll ló wà nídìí ẹ̀ jù. Wọ́n ní kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà má gbẹ́ Jésù bíi ti òyìnbó, kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí bàbá wọn ṣe ń gbẹ́nà. Bándélé ọmọ Àreògún wà níbẹ̀, Lámidi Fákẹ́yẹ tó jẹ́ mùsùlùmí kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Bóyá torí pé wọ́n mọ bí ó ṣe ń rí kí tẹni bọ́ lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ṣe ṣe é, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ó sọ Gaeilge fún mi. Ó ní tébi bá ń pa òun, "Tá ocras orm" lòun máa wí. Mo ní kó túmọ̀ ẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ó ní ebi ń bẹ lórí mi. Tí inú ẹ̀ bá bàjẹ́ ńkọ́? Ìbànújẹ́ ń bẹ lórí mi. Mo fò sókè lórí àga. Gẹ̀ẹ́sì máa ní èmi ni ebi, bí ẹni pé èmi gan-an ló di ebi, àmọ́ àwọn àti àwa, a mọ̀ pé ebi wà ní ààyè ara ẹ̀, ó ń wá bá èèyàn ni. Mo ní tiwa le ju tiyín lọ, tiyín jókòó lé yín lórí, tiwa ń pa wá. Ó ní "pa" túmọ̀ sí kí ni, mo sọ ọ́ fún un, ojú ẹ̀ là kedere. "Ebi ń pa mí," ó wí i, ohùn ẹ̀ lọ sókè níbi tí kò yẹ, ó dà bí ìbéèrè.

Àbúrò mi dìde lọ sí kíṣìnnì. Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún méjì tí kò tètè sọ̀rọ̀, ẹnì kan ló sọ fún un pé èdè méjì ló ń da ọmọ láàmú, kó mú ọ̀kan. Ó mú ọ̀kan. A jà sí i lórí fóònù lọ́dún yẹn, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, torí èmi tí mò ń jà yẹn náà, Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ tèmi ń sọ nínú ilé ní Ìbàdàn níbí, mo kàn ń rí ti ẹlòmíì ni.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ fi Ogham kọ orúkọ mi kóun lè fi ránṣẹ́. Ó mú páálí, ó mú rúlà, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Kí lorúkọ yín gan-an, Bíg Mọ́mì?"

Ọdún mẹ́sàn-án, kò mọ̀ ọ́n.

Mo ní Gbémisọ́lá. Ó wo ìwé tí wọ́n to gígé Ogham sí, ó wò ó títí, ó ní gb ò sí níbí. Ó ní g wà, b wà, ṣé kóun kọ wọ́n tẹ̀ léra wọn. Mo ní kì í ṣe méjì, ẹyọ kan ni, pe é kí n gbọ́. Ó ní "Bémi." Mo ní rárá, pa ètè rẹ méjèèjì pọ̀, kó o wá jẹ́ kí ọ̀fun náà ṣe tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní "G-bémi." Mo ní ó kù díẹ̀. Ẹnu ẹ̀ kún gbogbo ojú fídíò, mò ń rí ibi tí eyín ẹ̀ kan ti yọ. "Bé. G-bé. Wé." Mo ti ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn àbúrò mi láti kíṣìnnì, ó ń pariwo bí ẹni ń kiri ọjà: "Gb! Gbà! Gbogbo! Gbẹ̀gìrì!"

Ọmọ náà yí orí padà. "Mọ́mì, kí ni gbẹ̀gìrì?"

Ìnfátà mi ti ń han tíìn, tíìn, tíìn láti ìgbà díẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò gbọ́ ìdáhùn.